Bẹ́ ẹ ṣe máa fẹsẹ̀ rìn láti Seaford dé Eastbourne lórí òkè ẹfun

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní London àti agbègbè ẹ̀, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ júwe fún yín dáadáa, torí mo ti mú àwọn ará ẹgbẹ́ wa rìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà báyìí, gbogbo ìgbà tá a bá sì parí ẹ̀ lẹnì kan máa ń bi mí pé kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fóun látọjọ́ yìí pé irú ibẹ̀ wà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò. Ó gbéra láti Seaford, ìlú kékeré kan létí òkun ní Sussex, ó gba orí àwọn òkè funfun tí wọ́n ń pè ní Seven Sisters, ó wá já sí Eastbourne. Gbogbo ẹ̀ tó nǹkan bíi kílómítà 22, ìyẹn máìlì 14, wákàtí mẹ́fà sí méje lẹ máa fi rìn ín tẹ́ ẹ bá ń sinmi díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, owó tíréènì nìkan ni.

Ẹ má jẹ́ kí kílómítà yẹn já yín láyà. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà máa ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko wálé, ìrìn wákàtí méjì, sálúbàtà ló fi ń rìn ín. Ohun tóun mọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ mọ́ ni pé èèyàn kì í kánjú níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání gan-an nìyẹn, torí òkè tó ga jù lójú ọ̀nà yìí, apá ìparí ló wà, ẹni tó bá ti ná gbogbo agbára ẹ̀ tán láàárọ̀, ibẹ̀ ló ti máa jókòó sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ọjọ́ lẹ máa kọ́kọ́ yàn. Láti ìparí April dé September ló dáa jù fún ẹni tí ò rìn ín rí, torí ilẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣú. Ní June, aago mẹ́sàn-án alẹ́ oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, àmọ́ ní December aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, tó bá sì ṣú bá yín lórí òkè yẹn kò sí iná kankan níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, kì í ṣe ti London o, ti Seaford ni kẹ́ ẹ wò, ẹ sì wo atẹ́gùn ju òjò lọ. Òjò, jákẹ́ẹ̀tì á gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀. Atẹ́gùn líle létí òkè, kò sóhun tó lè gbà yín, tí wọ́n bá ti kéde ìjì, ẹ jókòó sílé, ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òkè ò ní sá lọ.

Bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí abẹ́ ẹ̀ ní eyín. Ẹ má ra bàtà tuntun lọ́jọ́ Friday kẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ Saturday. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ́ẹ̀, a ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí gìgísẹ̀ ẹ̀ méjèèjì fi bó, ṣe la fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ tó ń sunkún, kì í ṣe ìrora nìkan, ó dùn ún pé òun ò ní rí ìyókù. Tí òjò bá sì ti rọ̀, ẹfun yẹn máa ń yọ̀ bí ilá, bàtà tí abẹ́ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ò lè dúró lórí ẹ̀. Ṣòkòtò gígùn dáa ju pẹ́ńsù lọ, eégbọn wà nínú koríko gíga, eégbọn ìlú òyìnbó sì lè kó àìsàn ranni.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá yín ṣeré o, àwọn tó ń mú ìgò kékeré kan dání ni wọ́n máa ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ omi lọ́sàn-án. Kò sí igi kankan lórí òkè yẹn tẹ́ ẹ lè ráyè sá sábẹ́ ẹ̀, koríko àti ọ̀run nìkan ni, torí náà ẹ dé fìlà, ẹ fi kíríìmù oòrùn para, ẹni dúdú náà ni oòrùn ń jó, atẹ́gùn òkun ni kì í jẹ́ ká tètè mọ̀. Oúnjẹ, ohun tí kì í tètè bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ dì: móínmóín tó ti tutù, ẹyin sísè, ẹ̀pà, ṣinṣín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Àwa máa ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fláàsìkì ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀, ó máa ń gbóná dọ̀sán. Ẹ mú ọ̀rá kan dání tẹ́ ẹ máa kó pàǹtí sí, ohun tẹ́ ẹ bá gbé lọ ẹ gbé e bọ̀, àgùntàn ń jẹ koríko níbẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n bá gbé mì lè pa wọ́n.

Fóònù tó ti gba iná kún, pẹ̀lú pawabáǹkì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣe ségesège ní àwọn kòtò àárín òkè, torí náà ẹ ti dá máàpù sílẹ̀ sórí fóònù látilé, tàbí kẹ́ ẹ ra oníwèé, Explorer OL25 ti Ordnance Survey lèyí tó ní gbogbo ọ̀nà yìí nínú.

Tíréènì

Ẹ wọ tíréènì ní London Victoria, ẹ sọ̀ ní Lewes, ẹ bọ́ sínú èyí tó ń lọ Seaford. Seaford ni ojú irin ti parí, ẹ ò lè sùn kọjá ẹ̀. Ó máa gbà yín ní wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Torí pé Eastbourne lẹ ti máa padà, ẹ ṣàlàyé fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé Seaford lẹ ń lọ, Eastbourne lẹ ti ń bọ̀, kó fún yín lèyí tó bá a mu. Tẹ́ ẹ bá tó mẹ́ta sí mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ jọ ń lọ, ẹ béèrè GroupSave, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà kúrò tí kì í bá ṣe wákàtí ìgbà táwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ rí i pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ò kọjá kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò ní Seaford.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò ṣe é bẹ̀rẹ̀ láti Eastbourne ni. Ó ṣe é ṣe. Àmọ́ atẹ́gùn ibẹ̀, apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló sábà máa ń ti wá, tẹ́ ẹ bá ti Seaford bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn yín ló máa wà, ó máa tì yín lọ, tẹ́ ẹ bá ti Eastbourne wá ojú ló máa fẹ́ lù yín láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Láti Seaford dé ẹnu odò Cuckmere

Ẹ jáde ní stéṣọ̀n, ẹ máa bọ̀ lápá òkun, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ti dojú kọ omi, ọwọ́ òsì lẹ máa yà sí. Ẹ máa kọjá lára ilé róbótó kan tó dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, Martello Tower nìyẹn, irú ẹ̀ ni wọ́n kọ́ sí etí òkun nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé Napoleon máa gbógun dé. Èyí ni nọ́ńbà 74, mùsíọ́ọ̀mù ìlú wọn ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Ẹ ti tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nínú ìlú.

Níbi tí etíkun ti parí, ọ̀nà máa gùnkè lọ sórí Seaford Head, pápá gọ́ọ̀fù máa wà lọ́wọ́ òsì yín, òkun lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibí yìí gan-an làwọn èèyàn ti máa ń ba ọjọ́ wọn jẹ́. Ara yá, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, gbogbo wọn á sáré gun un bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò ni pé tí ẹ ò bá lè máa sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gùnkè, ẹ ti ń yára jù. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan máa ń dá orin, tí ègbè bá ti ń já, gbogbo wa mọ̀ pé ó yẹ ká rọra.

Ẹ máa tẹ̀ lé orí òkè náà títí, ẹ máa dé Hope Gap níbi tí àtẹ̀gùn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, ẹ má bá a lọ o, ọ̀nà yín ò gba ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn lẹ máa rí àwọn ilé kékeré bíi mélòó kan lókè ẹnu odò, ilé àwọn tó ń ṣọ́ etíkun láyé àtijọ́ ni, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn òkè funfun yẹn ti máa tò níwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ wá yà, ibí ni kẹ́ ẹ ti yà á, kó tẹ́ yín lọ́rùn, torí tẹ́ ẹ bá ti dé orí wọn gan-an ẹ ò lè rí wọn mọ́ bẹ́ẹ̀.

Odò Cuckmere ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ọ̀nà máa sọ̀ kalẹ̀ débi omi, ẹ máa rí òkè àkọ́kọ́ nínú Seven Sisters lódìkejì bíi pé ẹ lè sọ òkúta bà á, àmọ́ kò sí afárá lẹ́nu odò. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, a fi bí ogójì ìṣẹ́jú wá ibi tá a máa gbà sọdá, ọkùnrin kan tiẹ̀ ti bọ́ bàtà pé òun máa fẹsẹ̀ là á kọjá. Ẹ má dán an wò, omi òkun ń wọlé ó ń jáde níbẹ̀, ó lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ yà sọ́wọ́ òsì, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé bèbè odò wọnú ilẹ̀ lọ, nǹkan bíi kílómítà méjì, ẹ máa já sí afárá Exceat lójú títì A259. Ọkọ̀ máa ń sáré níbẹ̀, ẹ di àwọn ọmọ mú.

Ní Exceat

Ilé oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, sẹ́ńtà àlejò ti páàkì Seven Sisters wà níwájú díẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì 12 tó ń rìn láàárín Brighton àti Eastbourne máa ń dúró níbẹ̀. Ẹ bi gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé báwo lẹsẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá ti ń tiro, ibí ló ti yẹ kó wọ bọ́ọ̀sì lọ dè yín ní Eastbourne, torí látibí dé Birling Gap kò sí omi, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ò sì lè dé ibẹ̀. Mo ti gbà kí ẹnì kan fi agídí tẹ̀ lé wa rí torí ìtìjú, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀.

Látibẹ̀, ọ̀nà méjì ló padà sápá òkun. Ọ̀kan gun òkè kọjá, òun ni South Downs Way gan-an, ọ̀nà ẹsẹ̀ gígùn kan, àmì èso igi oak ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ lára òpó. Èkejì jẹ́ ọ̀nà kọnkéré tó tẹ́jú, ó gba àárín àfonífojì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Èmi máa ń gba èyí tó tẹ́jú, orúnkún yín á dúpẹ́ tó bá yá. Gbogbo géètì tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ padà tì í, torí àgùntàn.

Seven Sisters

Haven Brow ni àkọ́kọ́, òun ló sì ga jù nínú wọn, mítà 77. Ẹ sinmi tẹ́ ẹ bá dé orí ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Short Brow, Rough Brow, Brass Point, Flagstaff Point, Baily's Hill, Went Hill. Tẹ́ ẹ bá ka mẹ́jọ ẹ ò ṣìṣe, òkè kékeré kan wà láàárín tí wọn kì í kà mọ́ wọn. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò ju gùn, sọ̀, gùn, sọ̀ lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ń gùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kéékèèké. Èyí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, ẹ má sáré sọ̀ ọ́ ní tààrà, ẹ máa yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀, orúnkún ò ní gbé gbogbo ìwúwo yín lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti etí òkè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ máa rántí ó tó.

Ẹfun ni òkè yẹn látòkè délẹ̀. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun ló kó jọ di bẹ́ẹ̀ lóhun tó ju mílíọ̀nù 80 ọdún lọ, kò le bí àpáta Olúmọ tàbí ti Ìdànrè tó jẹ́ akọ òkúta. Ẹ fi èékánná ha á, ó máa bó sí yín lọ́wọ́ bíi ṣọ́ọ̀kì tíṣà. Òkun ń jẹ ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀, òjò ń wọ inú ẹ̀ lókè, bó bá yá ègé ńlá kan á já lulẹ̀ láìsọ fẹ́nikẹ́ni, ìdí nìyẹn tó fi ń funfun bẹ́ẹ̀, torí ojú ẹ̀ ń tuntun nígbà gbogbo. Ibi tí koríko ti dé etí tó dà bíi pé ilẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó dúró lórí ẹ̀ ò lè mọ̀, ẹni tó wà lókèèrè ló ń rí i. Àti pé kò sí wáyà tàbí ọgbà lójú ọ̀nà tó pọ̀ jù, wọn ò ṣọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ra yín.

Torí náà: mítà mẹ́wàá sí etí, ó kéré tán, nígbà gbogbo, tí atẹ́gùn bá wà kẹ́ ẹ jìnnà sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jókòó sétí kẹ́ ẹ wá fi ẹsẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má fò sókè ká ya yín. Ẹ má fẹ̀yìn rìn torí sẹ́lífì. Tí fìlà bá fò lọ sápá ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àwọn ọmọdé, ọwọ́ àgbàlagbà ni kí ọwọ́ wọn wà, ajá náà okùn. Ẹ máa rí àwọn èèyàn tó jókòó sétí níbẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, ẹ má fi tiwọn ṣe àwòkọ́ṣe, àwọn èèyàn ti kú níbẹ̀ torí fọ́tò. Nísàlẹ̀ náà, ẹ má rìn lábẹ́ òkè létí omi, ègé lè já lu èèyàn, òkun sì máa ń kún dé ìdí òkè, tó bá ká yín mọ́ ibẹ̀ kò síbi tẹ́ ẹ lè gùn.

Mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ bá wa lọ gbà sí èyí kí n tó fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní mo ń ṣe àṣejù, mi ò ní mú un lọ.

Birling Gap, Belle Tout àti Beachy Head

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí Went Hill, Birling Gap ló kàn, káfè National Trust àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ibí ni kẹ́ ẹ ti jẹun gidi. Àtẹ̀gùn irin wà tó sọ̀ lọ sétí omi tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ wo àwọn ilé tó kù níbẹ̀, wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ìlà, ìlà yẹn gùn ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀, òkun ló ń bọ̀ tí wọ́n ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì kan máa ń gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́, ẹ ti wò ó látilé. Tó bá ti kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lóṣù September tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ọkọ̀.

Ẹni tó bá ṣì lágbára, ó máa gùn lọ sí Belle Tout, ilé iná òkun tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1832. Etí òkè ti sún mọ́ ọn débi pé lọ́dún 1999 wọ́n gbé odindi ilé náà, wọ́n tì í sẹ́yìn ní mítà 17. Ilé olókùúta o, bó ṣe wà. Mo máa ń dá ẹgbẹ́ dúró níbẹ̀ kí n sọ ọ́, lẹ́yìn ẹ̀ kò sẹ́ni tó tún máa ń sún mọ́ etí mọ́.

Ọ̀nà á tún sọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun Beachy Head. Mítà 162 ni, òun ló ga jù nínú gbogbo òkè ẹfun etí òkun ní Britain, ó ju ìlọ́po méjì Haven Brow lọ, ẹ sì ti rìn láti àárọ̀. Agbára tẹ́ ẹ ò ná tán ní Seaford Head, ibí ni iṣẹ́ ẹ̀ wà. Kì í ṣe gàgàrà, ó kàn gùn ni, kò fẹ́ tán. Ẹ má wo orí òkè, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú yín, ẹ mu omi ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ máa rí ilé iná òkun aláwọ̀ pupa àti funfun tó dúró nínú omi nísàlẹ̀, ọdún 1902 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kéré lójú bí ìka ọwọ́. Títì ọkọ̀ wà nítòsí lọ́wọ́ òsì, ilé oúnjẹ náà wà.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò lè fò. Àwọn kan máa ń wá sórí Beachy Head torí ìbànújẹ́ tó wúwo. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó dá dúró létí tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, ẹ kí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí, kí ẹlòmíì pe 999.

Sísọ̀ sí Eastbourne

Látorí òkè ẹ máa rí Eastbourne nísàlẹ̀ kedere. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà koríko títí, ó dagun gan-an níparí, níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ máa ń yọ̀ jù, ẹ rọra. Ó máa já sí àdúgbò Meads, ibẹ̀ ni ìdí South Downs Way, kílómítà 160 ló fi lọ dé Winchester. Ẹ bọ́ sí etí òkun, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ rìn ín bí ogójì ìṣẹ́jú dé ibi afárá ìgbafẹ́ tó wọnú òkun, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1870. Kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀, ẹ wá Terminus Road lọ́wọ́ òsì, ó máa gbé yín dé stéṣọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíréènì Victoria ń ti ibẹ̀ lọ tààrà.

Ẹ bọ́ bàtà nínú tíréènì, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tẹ́ ẹ ti kó sínú báàgì. Tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ tó wẹ̀, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí irun ọmọ yín. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi nǹkan tó ní ẹnu tín-ín-rín mú un nídìí, níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù, ẹ fà á jáde tààrà, ẹ má fi iná tàbí kẹrosíìnì sí i. Tí ibẹ̀ bá pọ́n róbótó láàárín oṣù kan, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti Seven Sisters wá.